Oúnjẹ Tí A Gbé Lọ sí Ọ̀kà Lẹ́yìn Iná

Rábíátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ láti Ìkàrẹ́. Mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ìyá ọkọ rẹ tó gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Ara wa le. Ibà ti fi àbúrò rẹ sílẹ̀, ewúrẹ́ tí o fi sílẹ̀ fún mi ti bímọ. Bàbá rẹ ló jókòó síwájú mi yìí, tí wọ́n ń fi kálámù àti tàdáwà kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé kéwú. Èmi ni mò ń sọ ọ́, ọkọ rẹ ni yóò kà á fún ọ. Bí o bá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ kò ti jọ ti ẹnu mi, bàbá rẹ ló ti tiwọn bọ̀ ọ́. Wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín báyìí.

Ìyá elépo tó ti Ọ̀bà bọ̀ jíṣẹ́ rẹ fún mi kó tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ní ìjì ti ṣí òrùlé àdúgbò kan lọ lọ́dọ̀ yín, òjò sì ti ba oúnjẹ inú àká wọn jẹ́. Ó ní àwọn obìnrin Mùsùlùmí Ọ̀bà kó oúnjẹ jọ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bí ìyàwó ni wọ́n sì fi ṣe olórí àwọn tí yóò máa pín in. O ní kí n sọ fún ọ bí àwa ṣe ṣe é nígbà tí iná jó Ọ̀kà. O ní ọkùnrin kan tí ìjì kò kan ilé rẹ̀ ń wá gba oúnjẹ lójoojúmọ́, ṣé kí o lé e ni àbí kí o fún un. O tún ní obìnrin kan tí o fún ní iṣu gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí o kí i lọ́jọ́ kejì, o ò sì mọ ohun tí o fi ṣẹ̀ ẹ́.

Ọmọ mi, inú mi dùn sí iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Láti ìgbà tí ìyá elépo ti lọ ni mo ti ń ro ohun tí n ó sọ. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ tẹ́ tákàdá sílẹ̀ tí wọ́n ní kí n máa wí, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti pòrúúru mọ́ mi lọ́wọ́. Jẹ́ kí n kàn sọ bó ṣe rí, kí ìwọ fúnra rẹ mú èyí tí o bá lè mú níbẹ̀.

O mọ̀ pé Ọ̀kà ni wọ́n ti bí mi. Nígbà tí mò ń wí yìí, mi ò tíì pẹ́ nílé bàbá rẹ, mi ò tíì bí ọ. Àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó àwọn ọkùnrin lọ la ọ̀nà tó gba Ọ̀wọ̀ wá. Ọyẹ́ mú lọ́dún náà débi pé ètè kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni tí kò là. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a rí èéfín lápá Ọ̀kà. A rò pé igbó ni wọ́n ń sun. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, àwọn tó sá wá sọ fún wa pé iná ti gun òkè, ó ti wọ àárín ilé, ó sì ń fò láti orí òrùlé kan bọ́ sórí èkejì. Koríko ni gbogbo òrùlé nígbà náà. Àdúgbò tí wọ́n ti bí mi ló jó.

Mo bú sẹ́kún. Àwọn obìnrin ilé yí mi ká, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn tó sá wá ní ìbéèrè. Ta ló dáná náà? Ilé ta ló kọ́kọ́ mú? Ta ló kú sí i? Ẹnìkan tiẹ̀ bèèrè bóyá òòṣà wọn ló bínú. Ibi tí a wà nìyẹn tí Ìyá Làmídì fi wọlé. Opó ni Ìyá Làmídì, iyọ̀ àti aṣọ òfì ni wọ́n ń tà lọ́jà Ìkàrẹ́, ohùn wọn sì le bí ohùn ẹni tó ń jà kódà nígbà tí wọ́n bá ń kí ènìyàn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Kí ni wọ́n jẹ lónìí?"

A kò tíì bi ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi kìíní nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́, òun nìkan ló sì dá mi lójú nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí o bá dé ibi tí nǹkan burúkú ti ṣẹlẹ̀, bèèrè oúnjẹ wọn kí o tó bèèrè ìdí rẹ̀. Ìdí kò ní sá lọ.

Ọjọ́ kejì, Ìyá Làmídì gbé agbọ̀n, wọ́n ń wọ ilé dé ilé, èmi sì ń tẹ̀lé wọn nítorí pé ọmọ Ọ̀kà ni mí. Iṣu ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fún wa, àti epo, iyọ̀, ilá gbígbẹ, ẹní àti ìkòkò. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wọlé, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì gbé fìlà kan jáde. Fìlà náà ti ṣá. Mo bi Ìyá Làmídì pé kí la fẹ́ fi fìlà ṣe níbi tí ilé kò ti sí. Wọ́n ní, "Gbà á, kí o sì dúpẹ́." Nígbà tí a dé Ọ̀kà, bàbá arúgbó kan mú fìlà náà, ó dé e, inú rẹ̀ sì dùn ju ti àwọn tó gba iṣu lọ. Kì í bọ́ ọ mọ́. Mo ti rò ó títí, mi ò rí ìdí rẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ohun tí kò nítumọ̀ wá fún ọ ní Ọ̀bà, gbà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ aṣọ tó ti ya tí kò lè bo ènìyàn lára, má gbà á o, nítorí wọ́n fún wa ní irú rẹ̀, ìtìjú ló sì kó bá àwọn tí a fún. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bára mu. Bí mo ṣe rí i nìyẹn.

Àríyànjiyàn wà kí a tó kúrò nílé. Àwọn kan láàárín wa ní àwọn ará Ọ̀kà kì í bá wa kírun, kí ló dé tí a ó fi kó oúnjẹ Mùsùlùmí fún wọn? A lọ bá alùfáà. Alùfáà ní sàká tó jẹ́ ọ̀ranyàn ní àwọn tí a là á sílẹ̀ fún, ṣùgbọ́n sàráà lè bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ebi ń pa. Àwọn kan tún fẹ́ bèèrè ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìyá Làmídì ní, "A ti gbọ́. Ẹ gbẹ́rù."

Bí a ṣe ń gun òkè Ọ̀kà, òórùn iṣu sísun ló kọ́kọ́ pàdé wa. Ó ń ta sánsán bí ẹni pé wọ́n ń sun ún de àlejò. Iṣu inú àká ló ṣì ń jó lábẹ́ eérú. Àwọn tó ni ín jókòó yí i ká, ebi sì ń pa wọ́n. Ògiri dúró, òrùlé kò sí. Mi ò dá ilé wa mọ̀ títí ìyá mi fi pè mí lórúkọ láti inú rẹ̀.

A kọ́kọ́ pín iṣu tí a gbé wá ní tútù. Mi ò mọ ẹni tó dámọ̀ràn rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó dá a, a kàn ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tó lágbára ló dé iwájú. Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n dúró títí iṣu fi tán, kò rí ẹyọ kan gbà. Ọkùnrin kan tí gbogbo ohun ìní rẹ̀ ti jóná gbé iṣu tirẹ̀ sókè, ó gbé ti aládùúgbò rẹ̀ wò, ó sì bú wa pé tòun kéré. Inú bí mi sí wọn. Àwọn ènìyàn mi nìyẹn o, àdúgbò tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà! Mo ronú pé ẹni tó pàdánù ilé, kí ló fẹ́ fi ìtóbi iṣu ṣe? Lẹ́yìn náà mo tún rò ó pé bóyá iṣu yẹn nìkan ni ohun tó kù tí ó lè jà lé lórí. Mi ò mọ̀. Bí wọ́n bá bú ọ, Àbẹ̀kẹ́, má dá èébú padà. Bí o bá sì fẹ́ sunkún, kúrò níbẹ̀ kí o tó sun ún.

Ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ tó yà mí lẹ́nu. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó rán ìránṣẹ́ kan wá láti bèèrè ohun tí iná jó. Ìránṣẹ́ náà dúró láàárín eérú, bàtà rẹ̀ ti funfun, ó ní, "Ajẹ́lẹ̀ fẹ́ mọ ohun tí ẹ pàdánù." Àwọn àgbà wo ojú ara wọn. Baálé àdúgbò wa ní, "Kò sí nǹkan tó jó tó bẹ́ẹ̀." Mo rò pé etí mi ló dàrú. Ọkùnrin náà wo ògiri tó dúdú, ó wo Baálé, ó tún bèèrè. Wọ́n tún dá a lóhùn bákan náà, ó sì lọ. Ìgbà tí mo bi ìyá mi ló sọ fún mi pé ìgbà ìkẹyìn tí ẹnìkan wá bèèrè ohun tí wọ́n ní, àwọn ọkùnrin wọn ni wọ́n kó lọ ru ẹrù lẹ́yìn rẹ̀. Bóyá oúnjẹ ni ajẹ́lẹ̀ fẹ́ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Bóyá kì í ṣe oúnjẹ. Kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ mọ́. Bí o bá ń bi ènìyàn léèrè ohun tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, kọ́kọ́ sọ ìdí tí o fi ń bèèrè. Ìmọ̀ràn kejì nìyẹn. Àbí ìkẹta? Bàbá rẹ ní àwọn ò ka mọ́.

Mo wá dé ibi tó ń dà mí láàmú jù lọ.

Obìnrin kan wà ní àdúgbò wa tí a ń pè ní Ìyá Mojí. Èmi àti ẹ̀ la jọ dàgbà, a jọ ń lọ odò láti kékeré. Ọkọ rẹ̀ ti bá àwọn tó ru ẹrù òyìnbó lọ, kò sì padà wá. Òun àti Mojí ọmọ rẹ̀ obìnrin ló kù. Lọ́jọ́ tí iná jó, Ìyá Mojí ń se ẹyìn lẹ́bàá igbó kó lè rí epo tà. Apá ibẹ̀ ni iná ti wá. Ìyá arúgbó kan kú sínú iná náà, ìyá Òjó ni. Òjó lágbára, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ ní Ọ̀kà. Ó wà lóko nígbà tí ilé rẹ̀ ń jó lé ìyá rẹ̀ lórí.

Nígbà tí Ìyá Làmídì rán wa lọ kó iṣu sí i láti Ìkàrẹ́ tí a sì dé, Baálé wá bá wa. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará Ìkàrẹ́. Ṣùgbọ́n ilé kan wà níbí tí kò gbọdọ̀ fẹnu kan oúnjẹ yìí."

Ìyá Làmídì ní, "Kí ló dé, Bàbá?"

"Ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn ni iná ti ṣẹ̀. Gbogbo wa la ti fẹnu kò. Bí ẹ bá fún un ní ẹyọ iṣu kan, kí ẹ gbé ìyókù padà, a kò ní jẹ ẹ́."

"Pẹ̀lú àwọn ọmọdé tó ń sunkún yìí?"

"Pẹ̀lú wọn."

Ìyá Làmídì yíjú sí mi. "Ìyàwó, ṣé òun ló dáná náà lóòótọ́?"

Mo ní, "Ìyá, mi ò mọ̀."

"Lọ bi í."

Mo bá Ìyá Mojí lábẹ́ àpáta kan tí òun àti ọmọ rẹ̀ fi ṣe ilé. Kò kí mi, èmi náà kò kí i. Ó ti mọ ohun tí mo wá ṣe. Ó ní, "Mo da omi sí iná mi kí n tó kúrò níbẹ̀. Mo fi igi tú eérú rẹ̀ wò. Mo rí i tó kú."

Mo ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?"

Ó wá ní, "Ó dá mi lójú lọ́jọ́ náà. Nísinsìnyí tí gbogbo wọn ti ń sọ ọ́, mi ò mọ̀ mọ́."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà padà fún Ìyá Làmídì bó ṣe rí. Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n lọ bá Baálé, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ ní kí a má fún un. A ti gbọ́. A kò ní fún ẹnikẹ́ni mọ́. A ó gbé oúnjẹ kaná níta gbangba, àwọn obìnrin yín ni yóò máa bù ú. Ẹni tí ebi bá ń pa ni yóò wá." Baálé la ẹnu, ó pa á dé. Ó ní òun kò tíì gbọ́ irú èyí rí, ó sì kúrò níbẹ̀. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

A yá àwọn ìkòkò ńlá, a to ààrò, a gé iṣu wẹ́wẹ́, a fi epo àti iyọ̀ sè é ní ẹ̀bẹ. Èmi ni mò ń koná. Bí ó ṣe jinná ni Òjó yọ sí wa, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó gba ìgbakọ lọ́wọ́ obìnrin tó mú un dání. Ó ní, "Èmi ni mo máa bù ú." Ta ni yóò sọ pé rárá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá rẹ̀?

Ó ń bù ú dáadáa, kò ṣojúsàájú fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni Mojí dé, tòun ti igbá kékeré kan lọ́wọ́, eérú ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Àwọn ènìyàn yà fún un bí ẹni tó ń yẹra fún ohun tó gbóná. Òjó wò ó.

"Ọmọ ta ni ọ́?" Ó mọ̀ ọ́n. Ojoojúmọ́ ni ọmọ náà ń gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá tẹ́lẹ̀.

"Èmi ni, Mojí."

Òjó ti ìgbakọ bọ ìkòkò, ó gbé e sókè, ó sì dá a dúró. Ẹ̀bẹ ń kán padà sínú ìkòkò. Ó wá dà á sínú igbá ọmọ náà, igbá kún. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí i létí.

Ohun tí mo gbọ́ ni, "Má gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ." Obìnrin kan dúró lódìkejì ìkòkò tó sún mọ́ Òjó jù mí lọ, ó sì búra fún mi pé, "Gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ," ni Òjó wí, pé kò sí "má" kankan níbẹ̀. Igi tútù la fi ń dáná, ó ń ta pàràpàrà, mi ò lè búra. Bàbá rẹ ti dá kálámù dúró báyìí. Wọ́n ní "má" kò lè wà níbẹ̀, nítorí ẹni tó bá fẹ́ kí ìyá ọmọ má jẹun kò ní bù ú kún igbá bẹ́ẹ̀. Mo ní ṣé bàbá rẹ wà níbẹ̀ ni? Wọ́n ní rárá. Mo ní kí wọ́n kọ "má" síbẹ̀ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Wọ́n ti kọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń mi orí.

Mojí gbé igbá náà, ó sì gba ọ̀nà àpáta lọ. Mo tẹ̀lé e. Mo rí i tó gbé e fún ìyá rẹ̀. Ìyá Mojí bi mí, "Kí ni Òjó wí nígbà tó bù ú?"

Àbẹ̀kẹ́, kí ni ìwọ ì bá sọ? Mo ní, "Oúnjẹ ló bù. Ẹ jẹ ẹ́." Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó fún ọmọ rẹ̀ jẹ, òun náà sì jẹ. Láti ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ kò wá sídìí ìkòkò rí. Mojí ló ń wá lójoojúmọ́. Òjó ni ń bù ú fún un, igbá ń kún, kò sì bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ mọ́. Gbogbo ará àdúgbò jẹun, kò sí ẹni tó gbé tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ọmọ yẹn jẹ.

Nígbà tí iṣu tán, a padà sí Ìkàrẹ́. Lójú ọ̀nà mo bi Ìyá Làmídì pé, "Ìyá, ṣé ohun tí a ṣe yìí dára?"

Wọ́n ní, "Wọ́n jẹun."

Mo ní, "Mo ní ṣé ó dára?"

"Mo gbọ́ ọ. Wọ́n jẹun."

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọkùnrin Ọ̀kà lọ gé koríko bẹẹrẹ láti fi bo ilé padà. Òjó ni olórí wọn. Ìyá mi sọ fún mi pé wọ́n bo gbogbo ilé àdúgbò náà. Nígbà tó kan ilé Ìyá Mojí, Òjó ru ìdì koríko, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìdì ńláńlá ni, ó tó bo ilé náà. Ṣùgbọ́n kò sí ọkùnrin kan tó gun ògiri náà, kò sì sí ọkọ nílé tí yóò gùn ún. Òjò bẹ̀rẹ̀. Ìyá Mojí di ẹrù, ó mú ọmọ rẹ̀, ó lọ sí Ògbàgì lọ́dọ̀ ẹbí ìyá rẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí àwọn ènìyàn mi, koríko náà ṣì wà nídìí ògiri, ó ti ń jẹrà. Nígbà náà ni mo wá ń bi ara mi bóyá a yára kúrò níbẹ̀ jù. A gbé oúnjẹ lọ, a kò gbé ẹni tí yóò bo ilé lọ. Ìyá Làmídì ní iṣẹ́ tí a lọ ṣe ti parí. Bàbá rẹ náà ní ó ti parí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìwọ ti ń rìn nígbà tí mo tún rí Ìyá Mojí, lọ́jà Ìkàrẹ́. Inú mi dùn, mo sáré lọ bá a. Ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo dúró. Nígbà tó yá, ó wo ojú mi, ó ní, "Kí ni Òjó sọ lọ́jọ́ yẹn gan-an?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀. Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀."

Ó ní, "Èmi náà lọ bi í kí n tó kúrò ní Ọ̀kà. Ó ní òun náà kò mọ èyí tí òun sọ." Ó ra iyọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n kí ìyá mi. Ó sì lọ.

Nítorí náà, obìnrin tó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ọ yẹn, má tẹ̀lé e lọ bi í léèrè ohun tí o ṣe. Ó ṣeé ṣe kí o má ṣe nǹkan kan. O rí i nígbà tó na ọwọ́ gba iṣu, ó sì lè jẹ́ pé ìyẹn nìkan ti tó. Máa kí i lọ bí o ṣe ń kí àwọn yòókù. Bí kò bá dáhùn títí ayé, kí o jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ní ti ọkùnrin tí ìjì kò kan ilé rẹ̀. Mo kọ́kọ́ ní kí bàbá rẹ kọ ọ́ pé kí o lé e. Lẹ́yìn náà mo ní kí wọ́n pa á rẹ́, ìdí tí ibì kan fi dúdú lórí tákàdá yìí nìyẹn. Irú rẹ̀ wà ní Ọ̀kà. Ọkùnrin kan tí ilé rẹ̀ kò jó ń wá bu ẹ̀bẹ láràárọ̀, a sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. A wá gbọ́ pé ìdílé tí ilé wọn jó ti kún inú ilé rẹ̀ fọ́fọ́, àwọn ló ń bù ú fún. Ojú tì wá. Ọkùnrin kejì tún wà tí ilé tirẹ̀ náà kò jó, a ronú pé bákan náà ni, a ń bù ú kún tirẹ̀. Ewúrẹ́ rẹ̀ ló ń fún jẹ. Bí àwọn méjèèjì ṣe ń na igbá kò yàtọ̀ síra. Tí o bá fẹ́ mọ̀, dé ilé ọkùnrin náà bí ẹni tó ń kí i, kí o wo àwọn tó wà nínú ilé. Tí o kò bá ráyè lọ, fún un. Ó sàn kí ewúrẹ́ jẹ ẹ́ ju kí o ti ẹni tí ebi ń pa padà. Bàbá rẹ kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá fi oúnjẹ sàráà bọ́ ewúrẹ́ yẹ lẹ́ni tí a ń lé. Mo ti mú kí wọ́n kọ ti èmi àti tiwọn.

Àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ kù. Jẹun nílé kí o tó lọ síbẹ̀, kí ojú rẹ má bàa wọ inú ìkòkò àwọn tí o fẹ́ bọ́. Jẹ́ kí àwọn obìnrin àdúgbò náà mú ìgbakọ. Ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n wà, ìwọ ni àlejò. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ níwájú ọmọ rẹ̀. Bí o bá dé láti ibẹ̀, má gbé ìbínú wọn wá bá ọkọ rẹ. Sọ fún un, sùn díẹ̀, kí o tó se oúnjẹ. Ìyá ọkọ rẹ yóò gbà fún ọ bí o bá bẹ̀ wọ́n. Kí o sì máa rántí bi àwọn ará àdúgbò náà léèrè ẹni tí yóò bo ilé fún àwọn tí kò ní ọkùnrin, kí òjò tó tún dé. Mi ò lè fi dá ọ lójú pé yóò bọ́ sí i. Ṣáà bèèrè.

Mo mọ̀ pé ìdáhùn tó gún régé ni o ń retí. Mo wá a, ọmọ mi. Ìyá Làmídì ti kú, mi ò sì lè bi wọ́n mọ́. Bí mo tiẹ̀ bi wọ́n, mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ.

Nítorí náà mo ti pinnu láti wá sí Ọ̀bà. Bàbá rẹ ní orúnkún mi kò lè gbé mi dé ibẹ̀. Mo ní orúnkún mi ló ń gbé mi lọ oko láàárọ̀ yìí. A ti ń bá ara wa jà lórí ẹ̀ láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, àmọ́ wọn kò kọ ìyẹn sílẹ̀. Èmi àti àwọn obìnrin tó ń ná ọjà yín la jọ ń bọ̀. Mo ti yọ iṣu, mo sì ti ra iyọ̀ pẹ̀lú ilá gbígbẹ. Sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé kí wọ́n má pa adìẹ nítorí mi. Wá ibì kan fún mi lẹ́bàá ààrò, mo ṣì mọ iná ko.

Ọlọ́run á fún ọ ní agbára, á sì jẹ́ kí igi yín gbẹ. Bàbá rẹ fẹ́ gbé kálámù sílẹ̀ kí wọ́n lè lọ wá okùn tí a ó fi di iṣu. Wọ́n ní ìdì tó wúwo jù, àwọn ni yóò rù ú.

Èmi ni,
ìyá rẹ, tí ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé, tí ó sì ń bọ̀.